Ṣé O Mọ̀ Pé Aṣọ́lé Super Eagles Ti Ṣọ́lé fún Ilẹ̀ Ouémé Rí?

Ṣé o mọ̀ pé Peter Rufai, ẹni tó ṣọ́lé fún Nàìjíríà nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1994, ti gbá bọ́ọ̀lù nítòsí Sakẹ́tẹ́ rí? Kí ó tó dé Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1987, inú ẹgbẹ́ Dragons de l'Ouémé ló wà, ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ tó forí lé Pobẹ̀, Sakẹ́tẹ́ ni yóò gbà kọjá. Nígbà náà, kò tíì sí ẹ̀ka ìjọba tó ń jẹ́ Plateau, tí Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ wà nínú rẹ̀ báyìí. Ọdún 1999 ni òfin yọ ọ́ lára Ouémé. Ṣáájú ìyẹn, ọmọ Ouémé ni ọmọ Pobẹ̀, ọmọ Ouémé náà ni ọmọ Sakẹ́tẹ́. Bí bàbá rẹ bá ní Dragons ni ẹgbẹ́ àwọn, tó sì ní Rufai ti jẹ́ gardien àwọn rí, má bá a jiyàn. Òótọ́ ló sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ mi nínú. Bí àwọn èèyàn bá ti dárúkọ ẹnubodè Ìdí-Ìrókò àti Ìgòlò láàárín Nàìjíríà àti Benin, epo bẹntiróòlù àti ìrẹsì ni wọ́n máa ń rántí. Wọn kì í rántí pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó wá ṣọ́lé lọ́dọ̀ wa, kó tó di pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọba ni Rufai. Nígbà tí bàbá rẹ̀, ọba Ìdímù ní Èkó, wàjà ní 1998, ó wálé láti jíròrò ọ̀rọ̀ oyè, àmọ́ kò jẹ ẹ́. Deportivo La Coruña ní Sípéènì ló wà lásìkò náà, níbi tí Jacques Songo'o ará Kamẹrúùnù ti ń ṣọ́lé tí òun sì ń jókòó dè é. Ronú sí i: ìtẹ́ ń bẹ nílé, bẹ́ńṣì ló yàn. Lọ́dún yẹn kan náà ló tún ṣọ́lé fún Nàìjíríà ní ife àgbáyé ní Faransé. Ó ti jẹ góòlù fún Nàìjíríà rí pẹ̀lú: ní oṣù keje ọdún 1993, nígbà tí wọ́n na Etiópíà ní 6-0, òun aṣọ́lé ló gbá pẹ́náritì kan wọlé. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 61.

Ṣé o mọ̀ pé Owólabí lorúkọ aṣọ́lé tó dá Mòrókò padà sílé? Saturnin Allagbé ni ilé ìròyìn máa ń pè é, ṣùgbọ́n Owolabi ló ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2019, ní Kairo, Benin kojú Mòrókò nínú ìdíje ife Áfíríkà. Benin kò tíì borí ẹnikẹ́ni nínú ìdíje náà. Ọ̀mì mẹ́ta ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí, Mòrókò rí pẹ́náritì gbà. Hakim Ziyech gbá a, ó ba òpó. Wọ́n ṣe àfikún àkókò, 1-1 ni síbẹ̀, ó wá di pẹ́náritì, Benin sì jáwé olúborí ní 4-1. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ibi tí ọkùnrin yìí ti ń jẹun nígbà náà: Niort ni, ẹgbẹ́ kan tó wà ní líìgì kejì ilẹ̀ Faransé lásìkò yẹn.

Inú ẹgbẹ́ tí kò lókìkí bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ́lé Adémọ́lá Bánkọ́lé ti jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wà ní Crewe Alexandra, ó sì lo àkókò kan ní QPR láàárín méjèèjì. Àwọn tó ń wo Manchester United àti Arsenal nìkan lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nígbà tó fi pápá sílẹ̀, ó di ẹni tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé níṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, nísàlẹ̀ líìgì, Carlisle United yá aṣọ́lé kan tó ń jẹ́ Jimmy Glass lọ́wọ́ Swindon. Eré mẹ́ta péré ló bá wọn gbá. Ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1999, ni ti Plymouth: bí wọn kò bá borí, wọ́n á jáde kúrò nínú líìgì tí wọ́n ti wà láti 1928. Àkókò ti tán, 1-1 ni. Glass fi ilé sílẹ̀, ó sáré dé iwájú ilé ọ̀tá níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbá kọ́nà, bọ́ọ̀lù ta wá síwájú rẹ̀, ó gbá a wọ àwọ̀n. Ọkùnrin náà padà di awakọ̀ takisí.

Ṣé o mọ̀ pé ṣáájú 1912, aṣọ́lé lè fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù níbikíbi nínú ìdajì pápá tirẹ̀? L. R. Roose, ọmọ ilẹ̀ Wales, lo àǹfààní náà débi pé ó máa ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lọ títí dé àárín pápá. Wọ́n yí òfin padà. Láti 1992 sì ni aṣọ́lé kò ti gbọdọ̀ fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbá padà sí i.

Ilé tó ń ṣọ́ fẹ̀ ní mítà 7.32, ó ga ní 2.44. Mítà 11 ni ojú pẹ́náritì sí i. Bí bọ́ọ̀lù bá ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, kò ní lo ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà. Kí o tó pe "Owólabí" tán, ó ti dé.