Epo Oṣù Kẹrin fún Ọbẹ̀ Ọdún Kérésìmesì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọdún Kérésìmesì ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ yín ni kò tíì san gbèsè Kérésìmesì tí ó kọjá tán. Ìdí gan-an tí a fi mú un wá nísinsìnyí nìyẹn. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù kejìlá kí ó tó ronú ọdún, iye tí ọjà bá pè fún un ni yóò san.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú mi rí. Ní abúlé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ìyá àgbà kan wà tí wọ́n ní oko ọ̀pẹ tiwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún kan, nígbà tí ẹyìn kún orí igi, ìyá yìí se epo kẹ́ẹ̀gì mẹ́sàn-án. Àwọn alájàpá dé láti ìlú pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ìyá sì ta mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pátá. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Kérésìmesì dé, tí àwọn ọmọ ti ń bọ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn, mo pàdé ìyá yìí lọ́jà níbi tí wọ́n ti ń ná epo. Iye tí wọ́n fi ra kẹ́ẹ̀gì kan lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ta kẹ́ẹ̀gì méjì ní oṣù kẹrin. Wọ́n yá owó kí wọ́n tó lè ra ìrẹsì àti adìẹ mọ́ ọn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù kẹta, gbèsè ni wọ́n ń san. Kò sí owó alágbàṣe tí yóò bá wọn kọ ebè, àgbàdo tí ó yẹ kí ó jẹ́ irúgbìn sì ti wọ ìkòkò láti oṣù kìn-ín-ní. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn ń jẹ àgbàdo tútù, tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ni.

Ìyá yìí kì í ṣe onínàákúnàá rárá. Wọ́n ta ọjà wọn nígbà tí ó pọ̀, wọ́n sì rà á padà nígbà tí ó wọ́n. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù. Bí ó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejìlá, ẹyìn ti dínkù, àwọn tí ń wá epo sì ti pọ̀ sí i nítorí ọdún. Gààrí náà ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà òjò, ilẹ̀ rọ̀, ẹ̀gẹ́ kò ṣòro fà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ilẹ̀ á gan, owó alágbàṣe tí yóò hú ẹ̀gẹ́ á ga, orí gààrí ni owó yẹn á sì bọ́ sí.

Ẹ ó sọ pé, “Ọ̀gá, àwa ń dá àjọ.” Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò ní bu àjọ kù, èmi náà ń dá a. Ṣùgbọ́n owó tí ó jókòó sọ́wọ́ alájọ láti oṣù kìn-ín-ní kì í bí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ọjà ń gòkè lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìjọba tí ń ṣe ìṣirò, tí wọ́n ń pè ní NBS, kéde pé owó oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oúnjẹ tí ẹ lè fi ₦10,000 rà tẹ́lẹ̀, ó ti ju ₦14,000 lọ láàárín ọdún kan. Kì í ṣe gbogbo ọdún ni ó ń le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ èyí tí yóò le? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí ìjọba ti ibodè ilẹ̀ pa, àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìrẹsì sílẹ̀ di ìparí ọdún náà kò tíì gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí apá kan nínú owó àjọ máa di ọjà nígbà tí ọjà bá pọ̀. Dúrọ́ọ̀mù epo kan jẹ́ nǹkan bí lítà 200, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́jọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún bá pa owó pọ̀ rà á ní oṣù kẹrin, olúkúlùkù á mú ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì lọ sílé, iye tí wọn ó sì rà á kò ní jẹ́ iye ẹni tí ń ra ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ lè máa ra ìgò kan ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan títí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ yóò fi kún. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí ó ní ọ̀pẹ tirẹ̀ kò tilẹ̀ nílò owó: bí ẹ bá se mẹ́sàn-án, ẹ ta méje.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí epo yìí, nítorí ó ti bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, èmi náà sì wà lára wọn. Omi, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá epo. Epo tí omi kù nínú rẹ̀ ni ó máa ń kan. Láti mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀, ẹ bu díẹ̀ sínú ìkòkò gbígbẹ, ẹ gbé e ka iná. Bí ó bá ń ta pàrà-pàrà, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ padà sórí iná tí kò pọ̀, kí ó wà níbẹ̀ títí ariwo yẹn yóò fi dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó yọ èéfín. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti fọ̀ tí ó sì ti gbẹ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ó kún dé ọrùn kí afẹ́fẹ́ má rí àyè, ẹ dé e pinpin. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta oògùn apakoríko, bí ẹ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá, kì í ṣe ti epo. Ẹ má sì da àjẹkù epo ọdún tí ó kọjá mọ́ tuntun. Èyí tí ó ti kan yóò ba ìyókù jẹ́.

Inú yàrá tí ó ṣókùnkùn ni kí ẹ gbé e sí, lórí pákó, kì í ṣe orí ilẹ̀ lásán. Ní ọdún kan, èmi tí mo ń kọ́ yín yìí gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé sí. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, pupa rẹ̀ ti ṣí, òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ọṣẹ ni ìyàwó mi fi ṣe, wọn kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Èrè mìíràn tún wà nínú epo tí ẹ tọ́jú fúnra yín. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún ará ìlú nípa àwọn tí ń da àwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Sudan sínú epo kí ó lè pọ́n. Àwọ̀ aṣọ ni, kì í ṣe ohun jíjẹ. Epo tí ẹ sè ní ojú ara yín, ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni kí ẹ kó jọ o. Iṣu ń jáde ní oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá, kò sí ìdí láti rà á sílẹ̀. Ẹ̀wà tuntun ti Òkè Ọya náà máa ń wọ ọjà ní àsìkò yẹn. Àlùbọ́sà a máa pọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, a sì máa wọ́n ní ìparí ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí ó pẹ́, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Ẹ fi í sílẹ̀.

Àgbàdo oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni ó tọ́ sí ìtọ́jú, pàápàá fún ẹni tí yóò sin adìẹ ọdún. Ẹ sá a dáadáa. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan àti iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e, kí ẹ sì mì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún un sá. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ẹ dà á sínú àpò alápò-mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, tàbí kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí líle, ẹ sì dì í pa. Kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oògùn Sniper sí oúnjẹ. Ó ti pa ènìyàn. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà.

Ní ti adìẹ, ẹ kà á padà láti ọjọ́ 25 oṣù kejìlá. Broiler máa ń tó pa láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nítorí náà kí ọmọ rẹ̀ dé ọwọ́ yín kí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹwàá tó parí. Kí ọ̀kan tó wọ̀n tó kílò méjì, yóò jẹ nǹkan bí kílò mẹ́rin oúnjẹ. Àgbàdo tí ẹ tọ́jú á dín owó yẹn kù, ṣùgbọ́n àgbàdo nìkan kò tó o, wọ́n nílò ẹ̀pà tàbí sóyà pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká broiler, kí ó yọ àkùkọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ọmọ adìẹ ìbílẹ̀ tí ó pa ní oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà, kí ó so àkísà pupa mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kí ó sọ fún gbogbo ilé pé ti ọdún nìyí. Ọyẹ́ ni lúkúlúkú fẹ́ràn, ẹ gba àjẹsára rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹran kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Iléyá máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Owó àgbò a sì máa rọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún, nígbà yẹn ni kí ẹni tí ó ní koríko ra ọ̀dọ́ àgbò tí yóò sìn di ọdún tí ń bọ̀.

Ó ku ohun kan tí n kò lè fi pamọ́. Ẹnu ilé ni ó ń jẹ ọjà ọdún ju kòkòrò lọ. Ẹ kọ oṣù tí ẹ rà á sí ara kẹ́ẹ̀gì, kí kọ́kọ́rọ́ yàrá sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo mọ̀, ilé ìyálóde wọn ni wọ́n ń kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì sí, a kì í ṣí i àfi níṣojú ẹni mẹ́ta. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, kí akọ̀wé béèrè iye tí olúkúlùkù fẹ́ ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí owó sì pé kí àwọn alájàpá tó dé.