Ìdí Tí Tírélà Fi Ń Wọ Àdúgbò Tí Òfin Ní Kò Gbọdọ̀ Wọ

Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba ẹrù láti ojú òkun. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ẹni tí ó bá kọ́ ilé rẹ̀ tàbí tí ó háyà yàrá rẹ̀ sí àgbègbè Àpápá, ní Ìjọrà, ní Òrílé, ní Kirikiri, tàbí ní apá Ìjẹ̀gun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Satellite Town níbi tí àwọn àgbá epo ńláńlá fìdí kalẹ̀ sí, ti mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn jí ní òwúrọ̀ kí ó bá tírélà gbọọrọ tí ó dínà mọ́ ọn lẹ́nu géètì, kí ọmọ má lè lọ sí ilé ìwé, kí aláboyún má lè dé ilé ìwòsàn, kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ tí a fẹ́ bá wí sì wà lábẹ́ ọkọ̀ lórí ẹní, tí oorun ọ̀sẹ̀ kan ń bẹ lójú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé, ṣé kò sí òfin ni?

Òfin wà. Ní ọdún 2012, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìrìnnà ojú pópó tí ó sọ ọ́ gbangba pé tírélà kò gbọdọ̀ rìn nínú ìgboro láti agogo mẹ́fà òwúrọ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ọkọ̀ agbépo àti bọ́ọ̀sì gbọọrọ tí ń kó èrò nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó ṣe òfin yìí ní lọ́kàn ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojúmọmọ, èyí tí ó ti di àrùn tí kì í gbóògùn lára Èkó, a kò sì lè bá wọn wí fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó láti ẹnu ọ̀nà onílé, a óò rí i pé òru, tí Elédùmarè dá kí ara lè sinmi, ni a fi ta tírélà lọ́rẹ, àti pé ọkọ̀ agbépo, èyí tí ó léwu jù nínú wọn, kò sí lábẹ́ ìdènà náà rárá.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti sọ di ilé, ìdàkejì èyí ni wọ́n ṣe. Láti ọdún 1985 ni ètò kan ti wà níbẹ̀ tí kò gba ọkọ̀ akẹ́rù tí ó lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 18 lọ láyè láti máa rìn bí ó ti wù ú ní òpópó àdúgbò láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sí agogo méje òwúrọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, àti láti agogo kan ọ̀sán Sátidé títí di agogo méje òwúrọ̀ Mọ́ńdè. Ẹni tí ó bá ní ẹrù tí ó gbọ́dọ̀ já níbẹ̀ ní òru yóò gba ìwé àṣẹ, ìwé náà yóò sì dè é pé kí ó má ṣe kúrò ní òpópónà ńlá títí yóò fi súnmọ́ ibi tí ó ń lọ, kí ó tó wá yà gba ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ dé ibẹ̀. Bí ó bá rú òfin, awakọ̀ yóò san owó ìtanràn, ilé iṣẹ́ tí ó rán an yóò sì san tirẹ̀, èyí tí ó pọ̀ ju ti awakọ̀ lọ ní ìlọ́po. Lójú tèmi, apá tí ó kẹ́yìn yìí ni ọkàn ètò náà, nítorí pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọmọ tí a rán níṣẹ́ ni a máa ń mú, ẹni tí ó rán an níṣẹ́ kì í sì gbọ́ nǹkan kan.

Kí ni tírélà ń ṣe fún òpópó àdúgbò tí ìlú méjèèjì fi ń ṣòfin sí i? Láàárín ọdún 1958 sí 1960, nítòsí ìlú Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ la àwọn ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ìdánwò nìkan, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ogun máa wa ọkọ̀ akẹ́rù yípo lórí wọn, kí àwọn lè máa wọn bí ojú ọ̀nà ti ń jìn tí ó sì ń sán sí. Ohun tí ìdánwò yìí fi hàn kì í ṣe ohun tí ojú lásán lè rí: bí ẹrù tí ó wà lórí ọ̀pá irin kan, èyí tí ó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, bá di ìlọ́po méjì, ìpalára tí ó ń ṣe fún ọ̀nà kì í di ìlọ́po méjì, nǹkan bí ìlọ́po 16 ni, bí ẹrù náà bá sì di ìlọ́po mẹ́wàá, ìpalára rẹ̀ a di nǹkan bí ìlọ́po 10,000. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí onílé fi ń lọ sí ibi iṣẹ́, ọ̀pá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í sábà ru ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Tírélà tí ó gbé kọ̀ntéénà tí ó kún, ọ̀pá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ru tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, ọ̀pá náà sì lè tó márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nítorí náà, ìgbà kan péré tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba òpópó tí a da ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ sí kọjá, ó ti jẹ lára ọjọ́ ayé ọ̀nà náà ju bí gbogbo ọkọ̀ àwọn ará ibẹ̀ yóò ti jẹ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ojú ọ̀dà a sán, omi òjò a gba ibẹ̀ wọ inú yanrìn àti òkúta ìsàlẹ̀, ilẹ̀ a rọ̀, kòtò a sì yọ. Pákó kọnkéré tí a fi bo gọ́tà a kán sínú rẹ̀, àgbàrá tí kò rí ọ̀nà lọ a sì wọ yàrá ẹni tí kò ní tírélà, tí kò sì rán tírélà níṣẹ́.

Ti ojú ọ̀nà nìkan kọ́. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn ní ọdún 2009 fún àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pé kí ariwo tí ó wà níta ilé ní òru má ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n ariwo tí a ń pè ní decibel, bí a bá fẹ́ kí ara àwọn tí ń sùn gbádùn. Ẹ̀rọ tírélà tí awakọ̀ rẹ̀ kò pa kọjá ìwọ̀n yẹn fíìfíì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ẹ̀ka àjọ náà tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín ọkọ̀ tí ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹ wá ro ti ọmọ ọwọ́ tí fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí ibi tí irú ẹ̀rọ mẹ́wàá ti ń kùn mọ́jú.

Nípa ti ikú òjijì, n kò fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀ntéénà ṣubú lé bọ́ọ̀sì akérò ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ̀mí mẹ́sàn-án sì lọ. Ní ibẹ̀ kan náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ntéénà mìíràn ti já láti orí afárá lé àwọn ènìyàn lórí.

Níbo wá ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń wá, kí ló sì dé tí wọn kò fi dúró sí ojú ọ̀nà tiwọn? Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà Àpápá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọjà tí ó ní ọ̀nà kan. Nígbà tí èbúté Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926, ojú irin ni ó ń kó kòkó àti ẹ̀pà wá síbẹ̀. Nígbà tí èyí tí ó wà ní Tin Can Island sì ṣí ní 1977, owó epo ti dé, ẹrù òkèèrè ti ń rọ́ wọlé, ojú irin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ díẹ̀díẹ̀, tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹrù tí ó wà níbẹ̀ ni ó wá di ti táyà. Páìpù tí ó yẹ kí ó máa gbé epo láti èbúté epo Atlas Cove lọ sí ibùdó epo Mosimi, nítòsí Ṣágámù, ni àwọn olè ń bẹ́ ní ìgbà gbogbo, nítorí náà ọkọ̀ agbépo láti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ń dà gììrì wá sí àgbá epo Àpápá. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni ti kọ̀ntéénà òfìfo: ẹni tí ó kó ẹrù kúrò ní èbúté gbọ́dọ̀ dá kọ̀ntéénà rẹ̀ padà fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, bí ọjọ́ bá sì kọjá, owó ìtanràn ń gorí ara wọn, nítorí náà ọkọ̀ tí kò gbé nǹkan kan wá tò lẹ́yìn ọkọ̀ tí ó fẹ́ gbé nǹkan, àwọn méjèèjì kò sì ní ibùdókọ̀ tí wọ́n lè dúró sí de ìgbà tí a óò pè wọ́n. Bí a bá lé ewúrẹ́ kan ògiri, yóò yíjú padà. Awakọ̀ tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí afárá ọ̀nà Àpápá, tí kò rí omi wẹ̀, tí kò rí ibi ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, tí àwọn tí ń gba owó lọ́nà àìtọ́ sì ń jí i lóru, bí ó bá rí òpópó kan tí ó ṣí sílẹ̀, yóò yà síbẹ̀. N kò fi èyí dá a láre. Mo fi ń sọ pé ìjà wa kì í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ní àkọ́kọ́.

Àwọn onílé kò káwọ́ gbera. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ri géètì, wọ́n gbé irin dábùú ẹnu ọ̀nà kí ọkọ̀ gíga má lè gba abẹ́ rẹ̀, wọ́n gba ọdẹ. Ẹ̀tọ́ wọn ni, ó sì ń dá tírélà dúró nítòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ akólẹ̀ ga pẹ̀lú, irin kan náà ni yóò sì dínà mọ́ wọn, tírélà tí a sì lé ní òpópó yìí, òpópó kejì ni ó lọ, níbi tí àwọn onílé kò ní owó géètì.

Ìjọba náà ti gbìyànjú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ Mùhammádù Bùhárí pàṣẹ pé kí gbogbo tírélà kúrò lójú pópó Àpápá láàárín wákàtí 72, ó sì fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì rẹ̀, ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò mójú tó o. Ojú pópó náà mọ́ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ọkọ̀ sì padà wá, nítorí a kò tíì wá ibi tí wọn yóò dúró sí. Èyí tí ó ní làákàyè jù ni ètò ìpè orí fóònù tí a ń pè ní Ètò, tí àjọ àwọn èbúté bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021: kí ọkọ̀ dúró sí ibùdókọ̀ tí a fọwọ́ sí, kí ó gba nọ́ńbà, kí ó má sì bọ́ sí ojú pópó àfi ìgbà tí ó bá kàn án. Ètò yìí ní àbàwọ́n, àwọn awakọ̀ sì ti pariwo lórí owó tí a ṣì ń gbà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ó dín ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ náà kù ju bí kóńdó àti páńpẹ́ ti dín in kù lọ. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún tírélà ní ibi ìjókòó.

Nísinsìnyí ẹrù ti ń ṣí lọ sí ìlà oòrùn. Èbúté Lẹ́kkí ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ilé ìfọpo Dangote tẹ̀lé e ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, láìsí ojú irin kankan tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ní ọjọ́ tí a ṣí wọn. Kí àwọn ará Ìbẹ̀jú, Àjáh àti Ẹ̀pẹ́ tó lọ bá àwọn tí ń ri géètì, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ wọn, sí ìjọba ìpínlẹ̀, àti sí àwọn tí ó ni èbúté, kí wọ́n béèrè ibi tí a là sílẹ̀ fún ìdúró tírélà, bóyá omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí kọ̀ntéénà òfìfo yóò máa padà sí tí kò ní jẹ́ ẹnu géètì èbúté, àti ẹni tí yóò san owó ìtanràn bí ọkọ̀ bá yà wọ òpópó wọn, bóyá awakọ̀ nìkan ni tàbí ilé iṣẹ́ tí ó ni ẹrù pẹ̀lú.