Bí Àgbà Bá Yí Ìwà Padà

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá kan ń tajà ní Old Garage, Òṣogbo. Ọmọlúàbí ni. Nígbà tó lé ní 50 ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú oníbàárà, ó sì ń mú ọjà ọlọ́jà láìtijú. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ àìsàn ọpọlọ ni.

Ọpọlọ tó wà níwájú orí ló ń kó wa níjàánu. Èyí tó wà ní ẹ̀bátí ló ń bá wa tọ́jú ọ̀rọ̀. Nínú àìsàn yìí, èròjà kan á dì jọ sínú ọpọlọ, á bà á jẹ́, ọpọlọ á sì máa súnkì. Dókítà Arnold Pick kọ nípa rẹ̀ ní ìlú Prague ní 1892.

Àwọn ìdílé kan ń jogún rẹ̀. Bí òbí kan bá ní àbùkù náà lára, bí ẹni da owó ẹyọ kan ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ó lè bọ́ sí i, ó lè yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò jogún rẹ̀.

Kì í ranni, kò sì tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ẹ má na ìyá náà, ẹ má pè é ní olè. Ẹ bá a tọ́jú owó rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN ní Òṣogbo níbí, kí dókítà wò ó.