"Ẹ Jókòó, Màmá": Ọ̀wọ̀ Tó Ń Ba Ẹsẹ̀ Àgbà Jẹ́

  Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ilé wa la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, àwọn òbí tí a mú wá láti ilé, àti àwa fúnra wa tí irun wa ti ń funfun bọ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Màmá dé ní oṣù kẹsàn-án. Nílé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dìde nídìí ààrò. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, a ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ ti ṣe tiyín." Wọ́n ní kí àwọn fọ abọ́, a gbà á lọ́wọ́ wọn. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ọmọ-ọmọ ti sáré gbé omi wá, ó kúnlẹ̀. Ìta tutù, wọn ò mọ ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò. Tọkọtaya ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn míì á tún ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Màmá á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa wo fíìmù Yorùbá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kó tó di pé òtútù lọ, wọ́n ti ń di ògiri mú kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn. A ní ọjọ́ ogbó ni. Ṣé ọjọ́ ogbó nìkan ni?

A máa ń gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Àdúrà méjì nìyẹn o, kì í ṣe ọ̀kan, àwọn oníṣirò náà sì ń kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. World Health Organization gbé ìṣirò ọdún 2019 jáde ní 2020. Ní Amẹ́ríkà níbí, ọdún tí obìnrin ń retí láti lò láyé jẹ́ bíi 81, ti ọkùnrin bíi 76. Ṣùgbọ́n ọdún tí a lè kà sí ti ìlera nínú rẹ̀ jẹ́ bíi 67 fún obìnrin, 65 fún ọkùnrin. Ní Nàìjíríà, obìnrin ń retí bíi 64, ti ìlera jẹ́ 55. Ọkùnrin bíi 61, ti ìlera jẹ́ 54.

Ẹ yọ ọ́ wò. Obìnrin fi bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ju ọkùnrin lọ láyé ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ọdún méjì péré ló fi jù ú lọ nínú ìlera. Ọdún bíi 14 ni àìsàn àti àìlè-dá-nǹkan-ṣe ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, bíi 11 lọ́wọ́ ọkùnrin. Ohun tó ń bá obìnrin jà kì í sábà pa á kíá: oríkèé ríro, egungun tó ń rọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó kàn ń dè é mọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ló ń tètè mú tiyín lọ, ẹ̀yin náà lẹ sì ń sá fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò yìí ò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tó tẹ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é jáde ní 1971, Daniel Sullivan, òṣìṣẹ́ National Center for Health Statistics ni, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ti fi Hyattsville níbí ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà náà ò le. Ká ní àgbà mẹ́wàá wà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 75, tí mẹ́ta nínú wọn ò lè dá wẹ̀ tàbí dá wọṣọ. Ọdún mẹ́wàá ni gbogbo wọn jọ lò láàárín ọdún kan yẹn, àmọ́ méje péré la ó kọ sí ti ìlera. Ẹ rí i pé kì í ṣe orúkọ àìsàn ni ìbéèrè ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi èèyàn ni pé, kí lo lè dá ṣe? Sidney Katz, dókítà ará Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka mẹ́fà sílẹ̀ ní 1963: ká dá wẹ̀, ká dá wọṣọ, ká dá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ká dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí àga, ká lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ mọ́ra, ká fọwọ́ ara wa jẹun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ "ẹ jókòó" ti wọlé nìyí. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Arkansas mú àgbà méjìlá tí ara wọn le, wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n máa dìde, ẹran ara tó lọ lẹ́sẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Ọjọ́ mẹ́wàá péré o! Lóòótọ́, ìjókòó kì í ṣe ìdùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà náà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Èyí tó ń fún wa ní ìrètí jáde ní 2014. Àgbà 1,635 ni wọ́n kó jọ ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni ọdún 70 sí 89, àwọn tó ń jókòó ṣáá. Wọ́n ní kí apá kan máa rìn, kí wọ́n sì máa fún ẹsẹ̀ lókun. Ẹ̀kọ́ nípa ìlera ni wọ́n ń ṣe fún apá kejì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀, nínú 100 àwọn tó ń rìn, bíi 30 ni kò lè rin mítà 400 mọ́ nígbà kan tàbí òmíràn. Nínú àwọn yòókù, ó tó 35. Mítà 400 ni ìyípo kan lórí pápá ìsáré ilé-ìwé àwọn ọmọ yín. Ìyàtọ̀ náà lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ bí Màmá tiwa bá wà nínú àwọn márùn-ún yẹn ńkọ́?

Wọ́n ti fi àwa náà wé àwọn ará ibí rí. Láti 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára aṣáájú wọn, àti àwọn ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ní 2001 wọ́n kéde pé lọ́dọọdún, nínú 1,000 àgbà, bíi 14 ni àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú n'Ìbàdàn, bíi 32 ní Indianapolis. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan ṣoṣo ló fà á. Oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìgbé-ayé ni ojú wọn lọ. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn àgbà Ìdíkàn kì í ṣe olówó.

Mi ò ní kí ọmọ má kúnlẹ̀ o. Kó kúnlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí ìyá àgbà rìn dé ilé ìdáná lọ bu omi wọn, kí òun náà sì máa bá wọn lọ. Bí orúnkún bá wú, dókítà ló yẹ kó wò ó. Bí ẹnu bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tí ọwọ́ kan rọ lójijì, ẹ má ṣe dúró pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà, 911 ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ sì rántí pé òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card, tí òun tàbí ẹnì kejì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ níbí rí, kò lè ra Medicare àfi tó bá ti lo ọdún márùn-ún gbáko níbí, kó sì ti pé 65. Ẹsẹ̀ tó le dín ìnáwó kù.

Ibi tí wọ́n lè lọ wà. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó páàkì káúńtì wa ní ilé ìgbafẹ́ àwọn àgbà ẹni ọdún 60 sókè: ó wà ní Camp Springs, ó wà ní Langley Park, ti Gwendolyn Britt wà ní North Brentwood, ti Evelyn Cole wà ní Seat Pleasant. Lásìkò òtútù, inú mọ́ọ̀lù Hyattsville náà ṣe é rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kàn má mú owó dání.

Ó wá ku ẹ̀yin ọmọ. Iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ gbé àga tí kò ní apá ti ògiri, kí bàbá tàbí ìyá yín dúró ti ìyá àgbà. Kí wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kí wọ́n dìde dúró ṣánṣán, kí wọ́n tún jókòó, títí ìṣẹ́jú àáyá 30 á fi pé. Ẹ̀yin, ẹ máa kà á sókè ní Yorùbá. Bí wọ́n bá fọwọ́ ti ara wọn dìde, òdo ni. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àwọn CDC, obìnrin ẹni ọdún 65 sí 69 yẹ kó ṣe é ní 11, ọkùnrin 12. Ní 70 sí 74, obìnrin 10, ọkùnrin 12. Ní 75 sí 79, obìnrin 10, ọkùnrin 11. Ní 80 sí 84, obìnrin 9, ọkùnrin 10. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tètè ṣubú, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ kọ iye náà sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, kí ẹ tún un kà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí bàbá àgbà bá ní àwọn ò ṣe eré ọmọdé, ẹ rọra sọ fún wọn pé Màmá ti ṣe 11.