Ilé Ìdáná ni Ìmọ̀ Awọ Sẹ́ẹ̀lì ti Bẹ̀rẹ̀

Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ara wa kò nípọn ju nanomítà 7 tàbí 8 lọ. Bí a bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá irú rẹ̀ lé ara wọn, bóyá ni wọ́n fi máa nípọn ju fọ́nrán irun orí kan lọ. Síbẹ̀, lọ́dún 1925, nígbà tí kò tíì sí maikirosíkóòpù tó lè fi í hàn, Evert Gorter àti François Grendel ní ìlú Leiden, nílẹ̀ Họ́láǹdì, ti sọ ọ́ gbangba pé ìpele ọ̀rá méjì ni awọ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Lójú tèmi, wọ́n fo ibi tó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn ilé ìdáná obìnrin kan ní Braunschweig, lórílẹ̀-èdè Jámánì.

Ọdún 1862 ni wọ́n bí Agnes Pockels. Yunifásítì kò gba obìnrin nígbà tó parí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ilé ló wà, tó ń tọ́jú àwọn òbí rẹ̀ tí ara wọn kò le. Gbogbo ẹni tó ń fọ abọ́ ló mọ̀ pé ọ̀rá kì í bá omi rẹ́, pé ojú omi ló máa ń tẹ́ sí. Ohun tí gbogbo ayé ń rí yìí ni Pockels jókòó tì, tó ń wọ̀n. Ó bu omi kún abọ́ gbọọrọ kan dé etí, ó fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú rẹ̀ kó lè máa sún ọ̀rá orí omi pọ̀ tàbí kó yọ̀ǹda àyè fún un, ó sì so bọ́tìnì kékeré mọ́ òṣùwọ̀n láti mọ bí omi ṣe di nǹkan mú tó. Ó rí i pé bí ọ̀rá bá ti há dé ìwọ̀n kan, ìṣe ojú omi a yí padà lójijì. Ní January 1891 ó kọ lẹ́tà sí onímọ̀ físíìsì Lord Rayleigh ní England. Ìyàwó Rayleigh túmọ̀ rẹ̀, ìwé ìròyìn Nature sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní March. Nígbà tó di 1917, Irving Langmuir ní Amẹ́ríkà tún abọ́ náà ṣe, ó sì fi hàn pé ìpele mólékù kan ṣoṣo ni ọ̀rá tó tẹ́ bẹ́ẹ̀.

Irú abọ́ yìí ni àwọn ará Leiden lò. Wọ́n fi kẹ́míkà acetone yọ ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ènìyàn àti ti ẹranko, wọ́n tẹ́ ẹ sójú omi, ó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ara àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Aṣọ tó bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ohun tó bò, a ti ṣẹ́ ẹ po ni. Orí mólékù ọ̀rá wọ̀nyí fẹ́ràn omi, ìrù wọn ń sá fún un. Wọ́n á kọ ìrù síra wọn láàárín, wọ́n á gbé orí síta àti sínú.

Àwọn kan á ní orí ló bá wọn ṣe é. Òótọ́ ni pé acetone kò yọ ọ̀rá náà tán, àti pé sẹ́ẹ̀lì gbígbẹ tí wọ́n wọ̀n kéré sí bó ṣe rí gan-an: nǹkan bíi 100 maikiromítà alábàádọ́gba ni wọ́n kà fún ti ènìyàn, dípò nǹkan bíi 140. Àṣìṣe kan pa èkejì rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bar, Deamer àti Cornwell tún àyẹ̀wò náà ṣe lọ́dún 1966, ìlọ́po méjì ni wọ́n rí nígbà tí wọn kò tíì tẹ ọ̀rá náà pọ̀ jù, nǹkan bíi ìlọ́po 1.3 sì ni nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí tó fi kọ̀. Ìpele kan ṣoṣo kò lè fẹ̀ ju ohun tó bò lọ, nítorí náà méjì ṣì ni. Àyè tó ṣẹ́kù, àwọn purotéènì ló dí i, àwọn tí omi, ṣúgà àti iyọ̀ ń gbà kọjá. Lọ́dún 1972, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Singer àti Nicolson ṣàlàyé pé ọ̀rá ibẹ̀ ń ṣàn, purotéènì sì léfòó nínú rẹ̀. Ohun tó sì mú kí ìṣirò náà yàtọ̀, ìyẹn bí a ṣe tẹ ọ̀rá pọ̀ tó, ni Pockels ti ń wọ̀n nílé ṣáájú gbogbo wọn.

A lè sọ pé Pockels kò wo sẹ́ẹ̀lì kankan rí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láìsí abọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí àwọn ará Leiden ì bá fi wọn ọ̀rá wọn. Orúkọ Langmuir ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe abọ́ náà dòní. Ẹ̀yin olùkọ́ báyọ́lọ́jì, kí ẹ tó ya ìpele méjì yẹn sójú pátákó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ Agnes Pockels sókè rẹ̀.