Ìbéèrè Tó Lè Gbé Odindi Sáà

Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ kíláàsì ní ìlú Kumasi ní Ghana, ẹ ó rí Veronica bucket: ike omi ńlá tó ní ẹnu ẹ̀rọ nídìí, tí wọ́n gbé ka orí àpótí, tí bàsíà sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba omi ìdọ̀tí. Veronica Bekoe, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ghana, ló ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí wọn kò gbé e sí. Omi lè wà nínú ike yìí láti àárọ̀ dalẹ́. Ọṣẹ ni kì í pẹ́ tán. Ọṣẹ tó ń tán yìí ni n ó fi ṣàlàyé ohun kan tí ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì mọ bí wọn yóò ṣe mú un: ìbéèrè atọ́nà, ìyẹn ìbéèrè tó ń darí iṣẹ́ àkànṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Iṣẹ́ àkànṣe tí a mọ̀ nílé-ìwé ni èyí tó máa ń gbẹ́yìn. Olùkọ́ á kọ́ wa, á dán wa wò, lẹ́yìn náà á ní ká lọ fi páálí ṣe aago tàbí ká ya ọkàn èèyàn wá. Bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ló sábà máa ń bá wa ṣe é. Ẹ̀kọ́ oníṣẹ́-àkànṣe yàtọ̀ sí ìyẹn, torí pé inú iṣẹ́ náà gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ọjọ́ kìíní ni ìbéèrè atọ́nà ti ń délẹ̀, ohun yòówù tí olùkọ́ bá sì fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, inú wíwá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni yóò ti kọ́ wọn. Èrò náà ti pẹ́. William Heard Kilpatrick kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York ní 1918, àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Joseph Krajcik àti Phyllis Blumenfeld ní Yunifásítì Michigan ló sì wá tẹnu mọ́ ọn pé ìbéèrè ni òpó tó gbé e ró. Ní Ghana, àjọ NaCCA tó ń bójú tó ìlànà ẹ̀kọ́ mú èyí tuntun wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní September 2019, ti SHS, ìyẹn girama àgbà, tẹ̀ lé e ní 2024. Iṣẹ́ àkànṣe wà nínú méjèèjì.

Ká ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan wà ní JHS 2, ìyẹn ọdún kejì girama kékeré, tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ásíìdì àti álíkálì. Ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni: "Kí ni ọṣẹ?" Ẹni tó ṣí ìwé ti dáhùn rẹ̀. Ó yí i padà: "Ṣé a lè fi èèpo kòkó ṣe ọṣẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni, a lè ṣe é, àwọn ìyá àgbà ní ilẹ̀ Asante ti ń ṣe é tipẹ́, wọ́n ń pè é ní alata samina. Ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" lè pa lẹ́nu mọ́ kò lè gbé ọ̀sẹ̀ kan, ká má tíì sọ sáà. Ó wá fò sókè jù: "Báwo la ṣe lè lé àìsàn kúrò ní Ghana?" Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 13 kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Èèpo kòkó tún ní ìṣòro tirẹ̀. Oko ló wà, ẹni tó ń gbé àárín Kumasi ní láti wọ ọkọ̀ kó tó rí i, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fọ́ kòkó. Àmọ́ fùfú ni oúnjẹ ìlú náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gún un. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń ta fùfú ń da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù, eérú rẹ̀ sì ń ṣe ọṣẹ bíi ti kòkó. Ibí yìí ni olùkọ́ wa ti rí ìbéèrè rẹ̀: "Báwo la ṣe lè fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń dà nù ládùúgbò wa ṣe ọṣẹ tí gbogbo ilé-ìwé wa yóò máa fi fọwọ́ ní sáà yìí?"

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ibi, ó ní àkókò, ó sì ní ẹni tó ń retí ìdáhùn. Kò sí ìwé tó ní ìdáhùn rẹ̀ tán. Kò ní náni lówó púpọ̀, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára bí a bá ṣọ́ra. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé kò sí bí àwọn ọmọ ṣe lè dáhùn rẹ̀ láìkọ́ ohun tí olùkọ́ fẹ́ kí wọ́n kọ́. Iṣẹ́ àkànṣe tó dùn, tí ọmọ sì lè parí láìmọ ohun tí álíkálì jẹ́, eré lásán ni.

Iṣẹ́ tó kàn ni kí àwọn ọmọ tú ìbéèrè ńlá yìí sí kéékèèké, kí olùkọ́ sì kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó láìdá ọ̀kan lóhùn. Báwo ni eérú yóò ṣe pọ̀ tó? Epo wo la máa lò, epo pupa ni àbí àdín? "Sir, ṣé kò ní bó wa lọ́wọ́?" Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ilẹ̀kùn tí ásíìdì àti álíkálì yóò gbà wọlé.

Wọ́n á pín sí ẹgbẹ́ méjì, wọ́n á sun èèpo gbígbẹ, wọ́n á da omi sórí eérú, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Pòtásíọ̀mù inú eérú ti bá omi yẹn jáde. Ẹgbẹ́ kìíní á ti bébà litmus pupa bọ̀ ọ́, á di búlúù. Ẹgbẹ́ kejì tó da omi lé eérú tiwọn ju bó ṣe yẹ lọ á ti tiwọn náà bọ̀ ọ́, búlúù náà ni. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá se é pẹ̀lú àdín, ti ẹgbẹ́ kìíní á dì, ti ẹgbẹ́ kejì á ṣì jẹ́ òróró tó léfòó lórí omi. Ìgbà yìí ni wọn yóò béèrè fúnra wọn pé kí ló dé. Litmus ń sọ pé álíkálì ni, kò sọ bó ṣe lágbára tó. Àwọn ìyá àgbà máa ń fi ẹyin tútù dán an wò: bí ó bá léfòó, omi eérú ti kì. Ó ṣòro kí ọmọ tó rí èyí gbàgbé ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú nǹkan àti agbára rẹ̀. Àgbàlagbà ni kó dúró ti iná o, kí ìbọ̀wọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí omi eérú tó kì lè ba ojú jẹ́.

Olùkọ́ ìṣirò náà ní ìpín tirẹ̀. Bí ọmọ 300 bá ń fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìfọwọ́ 3,000 ni láàárín ọjọ́ márùn-ún. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba gíráàmù 2, kílò 6 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ 12, kílò 72. Ìkòkò kíláàsì kan kò lè gbé e. Nítorí náà wọ́n á dín ìbéèrè náà kù sí kíláàsì tiwọn, tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, iṣẹ́ gan-an ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún rí i pé ọṣẹ onípòtásíọ̀mù kì í le bí èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Kejetia, wọ́n á sì wá abọ́ tí wọn yóò fi dì í.

Irú iṣẹ́ báyìí kò ṣàjèjì sí Kumasi. Láti 1972 ni ẹ̀ka kan ní yunifásítì KNUST, Technology Consultancy Centre, ti ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá ojútùú sí ìṣòro wọn, ṣíṣe ọṣẹ wà lára rẹ̀, wọ́n sì ṣí ibùdó kan sí Suame Magazine láàárín àwọn mẹkáníìkì ní 1980.

Síbẹ̀, ohun méjì ló ń pa ẹ̀kọ́ oníṣẹ́-àkànṣe. Èkíní ni ìdánwò: BECE àti WASSCE ṣì ń bẹ níwájú, olùkọ́ tó ń sáré tẹ̀ lé síláàbọ̀ọ̀sì á wo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta iṣẹ́ ọṣẹ bí àkókò òfò. Èkejì ni èdè. Ọmọ tó ń fi Twi, èdè ìlú Kumasi, ronú kò lè bi ìbéèrè tó jinlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì dá a lójú. A mọ èyí nílé wa pẹ̀lú: iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀ láti 1970 fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Twi tú ìbéèrè náà, kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àbọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ sì kọ́kọ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Kí ẹ tó gbé e wọ kíláàsì, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà lóde kíláàsì yín tó ń dúró de ìdáhùn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí orúkọ kọ, ẹ wá ìbéèrè mìíràn.