Àgbà Kọjá Ọjọ́ Orí: Ìdàgbà nínú Ẹ̀mí láàárín Àwọn Onígbàgbọ́ Tí Ó Ti Gbó

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò gùn: kí ni a fi ń mọ onígbàgbọ́ tí ó ti dàgbà nínú ẹ̀mí, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀? Ìdáhùn tèmi ni pé ọ̀nà tí ó gbà lo àṣẹ, àti ọ̀nà tí ó gbà jọ̀wọ́ rẹ̀, ni a fi ń mọ̀ ọ́n. N ó kọ́kọ́ wo ohun tí èdè wa àti Ìwé Mímọ́ sọ. Lẹ́yìn náà, n ó fi ìgbẹ̀yìn ayé ọkùnrin méjì ṣe àpẹẹrẹ.

1. Àgbà àti àgbàyà

Èdè Yorùbá kò gbà pé ọjọ́ orí nìkan ní í sọ ènìyàn di àgbà. Ẹni tí ó ti gbó, ṣùgbọ́n tí ó ń hu ìwà ọmọdé, àgbàyà ni à ń pè é. Òwe wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: iṣẹ́ ni òwe yìí fi lé àgbà lọ́wọ́, kì í ṣe oyè. Òwe mìíràn le jù ú lọ: òkété bí ó bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹni tí ó ti ń bọ́ni yóò di ẹni tí à ń bọ́. Kò rọrùn fún ẹni tí ó ti pàṣẹ fún ogójì ọdún láti gba irú ìgbà bẹ́ẹ̀ láìbínú.

Ìwé Mímọ́ kò tako èyí. Àwọn tí a bá wí nínú ìwé Hébérù, orí karùn-ún, ti pẹ́ nínú ìgbàgbọ́ tó ẹni tí ó yẹ kí ó máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Síbẹ̀ wàrà ni wọ́n ṣì ń mu bí ọmọ ọwọ́. Pípẹ́ nínú ìjọ, nígbà náà, kì í ṣe ìdàgbà. Ẹ wá wo Anna nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí kejì. Opó arúgbó ni, a kò sì gbọ́ pé ó di ipò kankan mú nínú tẹ́ḿpìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ọmọ titun wọlé, ó dá a mọ̀, ó dúpẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

2. Crowther ní ọdún 1890

Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òsoògùn, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ní ọdún 1864. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó tó ẹni 80 ọdún, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí ó lè bí lọ́mọ fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ẹkùn Odò Ọya. Nínú ìpàdé kan ní Onitsha, wọ́n dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe òun ni bíṣọ́ọ̀bù.

Crowther kò gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó jiyàn, ó sì yọwọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò fi ìjọ sílẹ̀, kò sì fi ìbínú tú ohun tí ó ti kọ́ ká. Ó ṣètìlẹ́yìn fún ètò pé kí àwọn ìjọ Delta máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa darí ara wọn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1891. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ètò náà fìdí múlẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìdàgbà kì í ṣe kí a máa rẹ́rìn-ín sí ìwọ̀sí. Ó jẹ́ kí a lè sọ òtítọ́ láì jẹ́ kí ìbínú gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa.

3. Akindayomi ní Ebute Metta

Àpẹẹrẹ kejì sún mọ́ wa. Ní Ebute Metta, ní ọdún 1952, ni Josiah Akindayomi, ọmọ Oǹdó, dá ìjọ tí a mọ̀ lónìí sí Redeemed Christian Church of God sílẹ̀. Kò mọ̀wé. Ní ọdún 1973, Enoch Adeboye, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó ní Akoka, darapọ̀ mọ́ ìjọ náà, ó sì di ẹni tí ń túmọ̀ ìwàásù bàbá náà láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí bàbá náà tó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1980, ó ti fi hàn pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni òun fẹ́ kí ó rọ́pò òun. Adeboye kò tí ì pé 40 ọdún. Àwọn àgbà wà nínú ìjọ tí wọ́n ti ń sìn níbẹ̀ tipẹ́ kí ó tó dé, kò sì rọrùn fún gbogbo wọn láti gbà. Ní ọdún 1981 ni ó gba ipò náà.

Ìjọ náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n n kò fi títóbi rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí tí mo rí ni pé ẹni tí kò mọ̀wé kò bẹ̀rù ọ̀mọ̀wé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

4. Ohun tí ó kàn wá

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ tí mo ti jókòó ní Yaba àti Surulere, àga iwájú ni ti àwọn àgbà. Bàbá Ìjọ wà, Ìyá Ìjọ wà, a sì ń kí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí i tí kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wà lọ́wọ́ ẹnì kan títí ojú rẹ̀ kò fi ríran ka ìwé ìṣirò mọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ní iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, ìjà ni yóò jẹ́ ogún rẹ̀.

N kò sọ pé kí a ti àgbà jáde. Ìjọ tí ó bá gba ipò lọ́wọ́ opó arúgbó ní Mushin, tí kò sì wá a wá mọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e wá sí ìsìn, ìjọ náà ni kò dàgbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin àgbà, ni pé kí ẹ yan ẹni tí ẹ óò kọ́ nígbà tí ẹ ṣì lè kọ́ni, kí ẹ gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lójú yín, kí ẹ sì jókòó tì í, kí ẹ máa gbàdúrà fún un. Ẹni tí ó bá lè ṣe èyí tayọ̀tayọ̀ ni èmi ń pè ní àgbà nínú ẹ̀mí.